Ariwo iwájú MX-5 mi: ọ̀rọ̀ ti yanjú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ariwo kọ̀kọ̀kọ̀ tí mo bi yín léèrè, tí iwájú ọkọ̀ Mazda MX-5 mi ti 1994 ń pa tó bá ti bọ́ sí kòtò, ó ti dákẹ́. Kì í ṣe shock absorber (ohun tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò sókè sódò) tí ọ̀pọ̀ yín fura sí. Búṣìn, ìyẹn rọ́bà tó wà níbi tí irin apá ìsàlẹ̀ tó di ẹsẹ̀ táyà mú ti so mọ́ ara ọkọ̀, ló ti ya. Bọ̀dá tó ní kí n ki irin bọ abẹ́ rẹ̀ kí n fi mì ín wò, ẹ ṣeun gan-an, ibẹ̀ la ti rí i.

Búṣìn tuntun kò wọ́n rárá. Títú ti àtijọ́ ló fojú wa rí màbo! Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì níbí lásìkò òtútù ti jẹ́ kí bóòtù tí wọ́n fi ń ṣe alignment (títo táyà kó dúró bó ṣe yẹ) dógùn-ún mọ́ inú búṣìn. A fi iná sun ún, kò gbọ́; ayùn la fi gé e. Ẹ yáa ra bóòtù pọ̀ mọ́ búṣìn.

Ẹ má sì fún bóòtù náà pinpin nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì. Ẹ jẹ́ kó jókòó sórí táyà rẹ̀ ná, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ rọ́bà á lọ́, á sì tún tètè ya. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ṣe alignment.