Àárò ni, kì í ṣe ìrántí

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Iléṣà ń túmọ̀ àpilẹ̀kọ kan tó dá lórí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí kò sí mọ́, àwọn ilé sinimá tí wọ́n ti tì pa, àti àwọn ibi ìgbafẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ayé àtijọ́ máa ń kóra jọ sí. Wọ́n bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, nostalgia, ohun tó máa ń ṣe ẹni bí ọkàn ẹni bá ń fà sí ìgbà tó ti lọ, pàdé ní ìpínrọ̀ kìíní, wọ́n tún bá a ní ìkẹta, ni wọ́n bá ké sí wa pé kí a bá àwọn wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún un. Àbá mẹ́ta ló ti wọlé: àárò-ilé, ìrántí-adùn, ẹ̀dùn-àtijọ́. Láti ìjẹta ni mo ti ń rí i pé ìrántí-adùn ni ọ̀pọ̀ ń gbè lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ ká fọwọ́ sí i. Ó dùn lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó ń ṣe wá nìyẹn.

Ẹ wo bí Yorùbá ṣe ń sọ ohun tó bá ń ṣe ènìyàn nínú ara tàbí nínú ọkàn. Ebi ń pa mí. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Oorun ń kùn mí. Ojú tì mí. Inú ń bí mi. Nínú gbogbo gbólóhùn wọ̀nyí, èmi kọ́ ni olùwà, ìyẹn ẹni tó ń ṣe nǹkan. Ohun tó wá bá mi ni olùwà, àbọ̀ ni èmi, ẹni tí a ń ṣe é sí. Ẹbí yìí gan-an ni àárò wà: àárò ìyá mi ń sọ mí. N kò lọ bá àárò níbi kankan, òun ló wá ká mi mọ́ ibi tí mo jókòó sí. Ìrántí kò rí bẹ́ẹ̀. Mo rántí, èmi ni mo ṣe é. Mo lè rántí iye tí mo jẹ ìyá ẹlẹ́ja, mo lè rántí nọ́ńbà ọkọ̀ tí mo wọ̀ lánàá, kí nǹkan kan má sì ṣe mí. Ẹ̀dùn-àtijọ́ sàn díẹ̀, nítorí ẹ̀dùn máa ń dun ni, ṣùgbọ́n ó ti le jù, ó ń gbóòórùn ìbànújẹ́. Ẹni tí nǹkan yìí ń ṣe tún máa ń rẹ́rìn-ín.

Oṣù tó kọjá ni ó yé mi yékéyéké. Ní Lágere, nílé-Ifẹ̀ níbí, àwa kan máa ń dúró láàárọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn, a ó ka àkọlé iwájú ìwé, a ó máa jiyàn bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ náà, ọmọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù Arsenal ní òun ò mọ ohun tí ẹnikẹ́ni ń wá nídìí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ yìí, pé kò sí ẹgbẹ́ tó tó wò níbẹ̀ rí. Bàbá kan tó ti ń ka ìwé tiwọn jẹ́jẹ́ ká a pọ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, àárò Leventis a máa sọ mí.”

Wọ́n wá ń kà á sí i létí. Leventis United ti Ìbàdàn, tó gba Ife Challenge, ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ní 1984, tó tún gbà á ní 1986, tó jẹ́ Abíọ́lá Babes ti Abẹ́òkúta kan náà ló nà nígbà méjèèjì. Ẹgbẹ́ tó dé àṣekágbá ìdíje àwọn agbafe Áfíríkà ní 1985, kí Al Ahly ti Íjíbítì tó fi àmì ayò kan ju wọ́n lọ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì. Bàbá ní àwọn a gbọkọ̀ láti Ifẹ̀ lọ sí pápá Liberty, àwọn a ra àkàrà àti búrẹ́dì dání, ilẹ̀ a ti ṣú kí àwọn tó padà wọlé. Ní 1986 yẹn ni wọ́n gba líìgì. Nígbà tó di 1987, àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà tú u ká. Bàbá tún ṣí ìwé ìròyìn wọn. Ọmọ Arsenal kò fèsì mọ́.

Ẹ tún gbólóhùn Bàbá gbọ́. Wọn ò ní “mo rántí Leventis.” Ìrántí ni wọ́n fi ka ọdún àti ife. Ohun tó yí ohùn wọn padà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, àárò ni wọ́n pè é, kò sì sí onímọ̀ èdè kankan níbẹ̀ tó kọ́ wọn.

Àwọn tó mú àárò-ilé wá kò ṣìnà nípa ìpilẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Oníṣègùn ọmọ Switzerland kan, Johannes Hofer, ló hun ún pọ̀ ní 1688 láti inú èdè Gíríìkì: nostos ni ìpadàbọ̀ sílé, algos ni ìrora. Àìsàn gidi ló pè é, èyí tó ń ṣe àwọn tó jìnnà sí ìlú wọn. Nítorí náà, bí ọdún 1688 la bá ń túmọ̀, àárò-ilé bá a mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà pàápàá, ó ti kúrò ní àìsàn, ó ti kúrò ní ilé, ìgbà tó ti lọ ni wọ́n ń lò ó fún báyìí. Bàbá Lágere kò lọ sí àjò. Ilé wọn kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ibi tí wọ́n dúró sí. Kí ni wọ́n fẹ́ fi àárò-ilé ṣe?

Ẹ̀gbọ́n wa fúnra wọn ló gbé àtakò tó wúwo jù wá. Wọ́n ní ẹni tó ṣì lè padà wá ni àárò rẹ̀ ń sọ ni, pé ohun tó bá ti tán pátá kò ní àárò. Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò lè gbà. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí a ti sin bàbá mi. Bí wọ́n bá ti ń dín dòdò ládùúgbò ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àárò wọn á sọ mí, n kò sì retí wọn lójú títì. Kò sì yọ ohun tí kì í ṣe ènìyàn sílẹ̀: àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ń sọ pé àárò iyán ń sọ àwọn.

Níbi kan ni mo ti gbà fún yín. Àárò nìkan fẹ̀ jù. Ó gba ọkọ tó lọ sí Èkó lánàá, ó gba ìlú tí a fi sílẹ̀, ó gba òkú. Èyí tí a ń wá yàtọ̀ ní ti pé ibi náà lè wà níwájú ẹni kí ìgbà rẹ̀ má sí mọ́. Pápá Liberty ṣì wà n'Ìbàdàn, orúkọ Awólọ́wọ̀ ni wọ́n fi pè é láti 2010. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lónìí lè jókòó sórí àga tó jókòó sí ní 1986, kí àárò ibẹ̀ sì máa sọ ọ́ níbẹ̀ gan-an. Nítorí náà, àbá tèmi ni <b>àárò ìgbà</b>. Àárò ìgbà sọ mí. Orin yẹn máa ń mú àárò ìgbà wá. Àpilẹ̀kọ tó kún fún àárò ìgbà. Mo ti gbé e wọ inú gbólóhùn mẹ́fà nínú ìtumọ̀ ẹ̀gbọ́n tí wọ́n fi ránṣẹ́, kò sì kọsẹ̀ níbi kankan.

Ẹnì kan bẹ̀rù pé bí a kò bá fi àmì sí i, àwọn ènìyàn á kà á sí ààrò ìdáná tàbí àárọ̀ kùtùkùtù. Bí a bá fi àmì sí i, ó parí. Bí a kò bá fi sí i, ìgbà tó tẹ̀lé e yóò tọ́ wa sọ́nà.

Ohun kan tó ń dùn mí, tí mo fẹ́ fi kún un, ni “mo ṣàárò yín” tí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ ètò báyìí. Kì í ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n ó ti sọ èmi di olùwà, ó ti sọ àárò di iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Bí a bá gba àárò ìgbà wọlé, ẹ jẹ́ ká gbà á tòun ti <i>sọ</i>. Kí ẹnikẹ́ni má kọ “mo ṣàárò ìgbà.”

Ẹ̀gbọ́n wa bèèrè pé ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ wa. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló ń bèèrè bẹ́ẹ̀! Ta ló jókòó hun òṣómàáló? Oníṣòwò aṣọ ará Ìjẹ̀ṣà ló ń sọ fún ajigbèsè pé òṣó ni òun máa ló síbẹ̀ títí òun yóò fi gbowó òun, àwọn tó gbọ́ ọ sì fi ohun tó sọ pè é. Asọ̀rọ̀mágbèsì náà bẹ́ẹ̀: àpótí ń sọ̀rọ̀, a ò lè dá a lóhùn, ó tán. Ọ̀rọ̀ tó bá ti wà lẹ́nu ará Lágere kò nílò ká lọ máa polówó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ló kù, èyí tí a sáré kọjá lórí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá: ẹgbẹ́ tàbí ibi tí kò sí mọ́, kí la ó pè é? Àwọn kan ti gbà “ẹgbẹ́ olóògbé.” Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kì í sùn. Ó máa ń <i>túká</i>. Túká ló bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mu, torí àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò kú, wọ́n kàn pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ ni. Abíọ́lá Babes kò sí mọ́, ṣùgbọ́n Rashidi Yẹkínì tó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ló gbá góòlù àkọ́kọ́ ti Nàìjíríà wọ àwọ̀n ní Ife Àgbáyé 1994. Ẹ lè rí i pé olóògbé kò lè ṣe irú ìyẹn. Ilé-iṣẹ́ ní tirẹ̀ a máa <i>kógbá sílé</i>. Ilé tí ògiri rẹ̀ ṣẹ́kù di <i>àlàpà</i>. Ìletò tí àwọn ènìyàn ṣí kúrò di <i>ahoro</i>. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè tí ẹ̀gbọ́n ń túmọ̀ fi kó gbogbo wọn pọ̀. Àwa ní mẹ́rin, kí ló dé tí a ó fi sọ wọ́n di ẹyọ kan?

Ó tiẹ̀ ní ìkarùn-ún, ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ. Ní 1968, Yunifásítì Ifẹ̀ ṣí gbọ̀ngàn eré Orí Olókun sáàárín ìlú, kì í ṣe sínú ọgbà wọn. Ọlá Rótìmí wà lára àwọn tó gbé eré wá síbẹ̀. Ọmọdébìnrin ni ìyá mi nígbà náà. Wọ́n ní àwọn a máa gbọ́ ìlù láti inú ilé, àwọn ọmọ tí kò rówó wọlé a dúró síta máa jó. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ tíátà náà wọ inú ọgbà yunifásítì lọ. Mo bèèrè lọ́wọ́ ìyá mi pé kí ló wá ṣe Orí Olókun tiwọn yẹn. Wọn ò ní ó túká, wọn ò ní ó kógbá sílé. Wọ́n ní, “Ó dákẹ́.”

A ń sọ pé àgbà dákẹ́ bó bá kú, gbogbo wa la mọ ìyẹn. N kò gbọ́ ọ rí fún ibi eré, àmọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo mọ̀ pé ó bá a mu: ibi tí ìlù àti ẹ̀rín ti ń dún tẹ́lẹ̀, kí ni ò bá tún ṣe?

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ rán yín. Ọmọ yín ni Bàbá Sàlá, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Iléṣà náà ni wọ́n kú sí ní 2018. Àwọn tó lọ wò wọ́n pẹ̀lú táì labalábá ràgàjì yẹn ṣì wà láàyè níbẹ̀. Ẹ bá mi bi wọ́n nípa àwọn gbọ̀ngàn àti ilé sinimá tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín nígbà náà, èyí tí kò sí mọ́: kí ni wọ́n ń sọ pé ó ṣe é? Ṣé ó wó ni, ṣé wọ́n tì í ni, àbí ó dákẹ́? Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn Ìjẹ̀ṣà rẹ̀, ẹ má bá wọn tún un ṣe.