Ẹ gbà wá nímọ̀ràn lórí Honda 175 àtijọ́ yìí

Ẹ̀yin ará mi ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa ọ̀rẹ́ àtijọ́ kan fẹ́ tún alùpùpù Honda CD175 kan ṣe, ó ti pẹ́ nínú gáréèjì bàbá ọ̀kan nínú wa n'Íbàdàn. Ẹni tó bá gun maṣíìnì yẹn rí á mọ̀, pístìn méjì, kabúrétọ̀ ẹyọ kan, ìró ẹ̀ máa ń rinlẹ̀ ni, kì í pariwo bíi ọ̀kadà ìsìnyí. Òun la fi ń lọ òde àríyá l'Ábẹ́òkúta, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgàdà wa kiri (ẹ má rẹ́rìn-ín, ìgbà yẹn nìyẹn).

Wàhálà ibẹ̀ ni pé inú táǹkì ti dógùn-ún, ríǹgì pístìn ẹ̀ ti jẹ, iná 6V ẹ̀ ò sì mọ́lẹ̀ dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ká kúkú gbé ẹ́ńjìnnì Bajaj sí i. Mi ò gbà! Tá a bá yọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀, kí la wá ń tún ṣe? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ṣé ká ránṣẹ́ sí Nnewi fún ríǹgì ni àbí ká ní kí wọ́n bá wa rà á ní London, ṣé vinegar lè fọ táǹkì yẹn mọ́, àti pé ṣé ká yí iná ẹ̀ sí 12V àbí ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?