Gíà dífù ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù: 3.31, 3.73 àbí 4.10? Ẹ sọ ohun tójú yín rí

Bàbá Trélà (Houston)
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ mi ni kí n lọ gbé mọ́tò tí èèyàn bá rà ní gbàǹjo, kí n fà á lọ sí yáàdì tí wọ́n ti ń kó o sínú kọ̀ǹtẹ́nà lọ sí Èkó. Píkọ́ọ̀pù Ford F-150 ọdún 2016 ni mò ń wà, gíà mẹ́fà, dífù (àpótí gíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, tó ń yí wọn) 3.31. Trélà àti mọ́tò orí rẹ̀ a máa tó 6,500 pọ́n-ùn. Bí mo bá ti bọ́ sórí I-10, tí atẹ́gùn kọjú sí mi báyìí, ọkọ̀ yìí ò ní dúró lójú gíà kan. Á bọ́ sí karùn-ún, á padà sí kẹfà, á tún bọ́. Ó ti sú mi. Ta ló ti pààrọ̀ gíà dífù rí níbí? Kí lẹ fi sí i?

Àdìó_Denver
4.10. Kò sí àròjù níbẹ̀.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Ẹ̀gbọ́n Àdìó, orí òkè lẹ̀yin ń gbé. Houston tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́.

Àdìó_Denver
Ó dáa, ẹ jẹ́ n rò ó. Silverado 2003 ni tèmi, gíà mẹ́rin, 3.42 ló bá wá. Ọ̀nà I-70 ni mò ń fa trélà gbà lọ sí Eisenhower Tunnel (ihò tí títì gbà la inú òkè kọjá), ibẹ̀ sì ga ju 11,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Atẹ́gùn fúyẹ́ lókè yẹn, ẹ́ńjìnnì ò rí èémí mí dáadáa. Mo tẹ túrótù dé ilẹ̀, síbẹ̀ tírélà tó kó igi ń yà mí sílẹ̀. Ọmọ mi obìnrin wá bi mí láti ẹ̀yìn pé, "Dádì, ṣé ọkọ̀ wa ti bàjẹ́ ni?" Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi 4.10 sí i. Ó ń mu epo díẹ̀ sí i lórí títì tó tẹ́, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ọmọ mi ò bi mí ní ìbéèrè mọ́.

Gbàǹjo_Queen
Ẹ dákun, mẹkáníìkì mi ní 4.10 ni "gíà ìsàlẹ̀", 3.31 ni "gíà òkè". Ṣé orí mi ni kò pé ni? 4 kò ju 3 lọ ni?

Dírẹ́bà Àgbà
Irọ́ ló pa. Nọ́ńbà tó bá pọ̀ ni gíà òkè.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Bàbá, ẹ má bínú, mẹkáníìkì rẹ̀ ló gbà á. 4.10 túmọ̀ sí pé ṣáàfù (ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wá sí dífù) máa yí ní ìgbà mẹ́rin àti díẹ̀ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹni tó ru ẹrù gun àkàbà ni: ẹsẹ̀ kúkúrú kúkúrú ló máa gbé. Ẹni tó ń gbé ẹsẹ̀ gbọọrọ á tètè dé, tí kò bá ti ru nǹkan.

Dírẹ́bà Àgbà
Ọdún 31 ni mo ti ń wakọ̀. Ẹ jẹ́ a fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Gbàǹjo_Queen
Àkàbà yé mi. Tiwọn ni kò yé mi 😂

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Ohun tí mo fẹ́ kí Bàbá Trélà wò rèé. Gíà kìíní nínú ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Àdìó jẹ́ 3.06. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 4.10, ẹ ó rí 12.5. Gíà kìíní tiyín jẹ́ 4.17. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.31, ó jẹ́ 13.8. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sunkún yìí le ju Àdìó lọ láti orí ìdúró! Àpótí gíà ayé àtijọ́, tí gíà kìíní rẹ̀ ò lágbára tó báyìí, ló jẹ́ kí àwọn àgbà máa pariwo 4.10.

Àdìó_Denver
Láti orí ìdúró. Ta ló ń dúró lórí I-70?

Ìyá Ìbejì (Dallas)
Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ yín o. Ọkọ mi búra pé 3.08 ni Chevrolet wa ní, ó ti bá ẹnì kan dúnàádúrà $2,400 láti pààrọ̀ rẹ̀ sí 3.73. Èmi ń wá tíṣù nínú àpótí iwájú ọkọ̀, mo rí sítíkà tó kún fún àmì lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta. Mo ya fọ́tò, mo wá a lórí fóònù. GT4. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ GT4? 3.73! Ohun tó fẹ́ fi $2,400 rà ti wà lábẹ́ ọkọ̀ látọjọ́ tá a ti rà á. Àwa méjèèjì ò tíì sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.

Kọ́lá_Leeds
Mọ́mì, ẹ gba $1,200 nínú owó yẹn, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ọmọ Ṣakí
Ẹ̀yin ará òkè òkun ń ṣeré. Ẹ gbọ́ tèmi. Hilux 4x4 (tí táyà iwájú náà lè máa fa ọkọ̀ tí mo bá fa ọ̀pá rẹ̀) ni mo fi ń kó iṣu wá sí Bódìjà. Dífù ẹ̀yìn jẹ, mo lọ ra tòkúnbọ̀. Ẹni tó tà á ní "ọ̀kan náà ni, Hilux ni Hilux." A dè é, ó ń lọ. Oṣù méjì, kò sí wàhálà, àfi pé mítà eré ń sọ 100 nígbà tí fóònù ń sọ 105. Òjò wá rọ̀, a há sínú ẹrẹ̀, mo fa 4x4. Ó jáde wẹ́rẹ́. Mo gbàgbé, mi ò yọ ọ́, mo gorí ọ̀dà. Kò ju kìlómítà méjì lọ, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí ewúrẹ́ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Mo ní kí n yọ 4x4, ọ̀pá rẹ̀ ò gbọ́. Nígbà tí a tú u, a ka eyín. Iwájú: 41 lára kíráùn (gíà ńlá inú dífù), 10 lára píníọ̀nì (gíà kékeré tó ń yí i). Ẹ̀yìn: 43, 11. Ẹ ṣírò ẹ̀.

Gbàǹjo_Queen
4.1 àti 3.9. Mo ti ń mọ̀ ọ́n!

Kọ́lá_Leeds
Mi ò gbà. Díẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn? Kí ló dé tí kò fi bàjẹ́ látọjọ́ kìíní?

Ọmọ Ṣakí
Nítorí iwájú ò ṣiṣẹ́ látọjọ́ kìíní, àbúrò. Nínú ẹrẹ̀, táyà ń yọ̀, ìjà wọn ń rí ibi gbà jáde. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, kò síbi tó máa gbà. Iwájú ń fa tiẹ̀, ẹ̀yìn ń fa tiẹ̀.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Ẹni tó ní 4x4, tó bá pààrọ̀ ẹ̀yìn, dandan ni iwájú. Owó méjì.

Ìsẹ́yìn_Kìí_Ṣe_Kékeré
Kí ló dé tí iṣu Ṣakí fi gbọ́dọ̀ gba Ìsẹ́yìn kọjá lọ Bódìjà? Iṣu tiwa ò tó wọn jẹ ni?

Ọmọ Ṣakí
Iṣu tiyín ni wọ́n fi ń se àsáró fún ẹni tí kò lókun.

Túnjí_ATL
Ẹ fi iṣu sílẹ̀. Èmi pààrọ̀ tèmi lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó ṣe é kò kun eyín gíà ní àwọ̀ láti wò ó bóyá wọ́n bára wọn dáadáa, kò sì fi irinṣẹ́ tó dà bí aago wọn àyè àárín wọn. Tí mo bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí túrótù, hùùùù. Mo gbé rédíò sókè, ó ń bá rédíò kọrin. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣàkíyèsí o: gíà tuntun, ẹ má fi fa ẹrù ní 500 máìlì àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lẹ́yìn náà. Èmi fa ọkọ̀ ojú omi ẹnì kan lọ́jọ́ kejì. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀ṣẹ̀ mi ni hùùùù yẹn tàbí tiẹ̀.

Àdìó_Denver
Tìrẹ ni.

Ìyá Ìbejì (Dallas)
Bàbá Trélà, táyà wo ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yín?

Bàbá Trélà (Houston)
Táyà tó dáa ni.

Ìyá Ìbejì (Dallas)
Mo ní íǹṣì mélòó ni gíga rẹ̀?

Bàbá Trélà (Houston)
35.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
HÀÀÀ. Èyí tó bá ọkọ̀ wá ńkọ́?

Bàbá Trélà (Houston)
Bíi 32. Ọdún tó kọjá ni mo gbé èyí wọ̀ ọ́. Ó wuyì.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Bàbá, táyà ńlá yẹn ti sọ 3.31 tiyín di bíi 3.03! Ẹ ti fi ọwọ́ ara yín mú ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ẹ wá ní kó ru ẹrù. Mítà eré yín pàápàá ń purọ́, tó bá sọ 65, ẹ ti kọjá 70.

Túnjí_ATL
Ọlọ́pàá tó dá wọn dúró lóṣù tó kọjá ò jẹ̀bi nìyẹn 😂

Kọ́lá_Leeds
"Ó wuyì" pa mí.

Dírẹ́bà Àgbà
Mo ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Bàbá Trélà (Houston)
Ẹ rọra. Tí n bá wá fi 3.73 sí i, tí mo fi 35 sílẹ̀ ńkọ́?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Á sàn ju bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é lọ díẹ̀, bí i 3.41. Ṣé 4x4 ni?

Bàbá Trélà (Houston)
4x4 ni.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Owó méjì. Táyà 32 àtijọ́ dà?

Bàbá Trélà (Houston)
Mẹ́ta wà ní gáréèjì. Ìyàwó mi ti gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sínú ìkẹrin.