Ìnàkí kì í ṣe ọ̀bọ tí a gé ìrù rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àbá yín pé kí á máa pe ìdílé ṣinpansí, gòrílà, bonóbò, òrángútánì àti gíbọ̀nì ní "ọ̀bọ aláìnírù". Ẹ ní ọmọ iléèwé á tètè lóye rẹ̀. Ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn.

Orúkọ yẹn ti sọ wọ́n di ọ̀bọ, wọn kì í sì í ṣe ọ̀bọ. Ṣinpansí bá èèyàn tan ju bó ṣe bá ọ̀bọ èyíkéyìí tan lọ. Nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 6 sí 7 sẹ́yìn ni ìran ṣinpansí àti tiwa pínyà. Ìrù gan-an tún ń tan ni jẹ. Ọ̀bọ kan wà lórí àwọn òkè Mòrókò tí ìrù rẹ̀ kò ju kókó lásán lọ, ọ̀bọ náà ni. Àwa tí à ń jiyàn yìí ńkọ́, ta ló nírù nínú wa?

Mo bi ọdẹ àgbà kan ní Ìlódè, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, pé kí ló ya ìnàkí sọ́tọ̀ lára ọ̀bọ. Bàbá ò tilẹ̀ dárúkọ ìrù. Wọ́n ní bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ìnàkí á ká ewé òun ẹ̀ka, á fi tẹ́ ibùsùn sórí igi. Bó bá ń rìn, ẹ̀yìn ìka ọwọ́ ló fi ń tẹlẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá yá gágá, á máa lu gbòǹgbò igi ńlá gbì, gbì, bí onílù. Ṣinpansí pọ́ńbélé nìyẹn!

Orúkọ ti wà nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n: ìnàkí. Ìṣòro kan tí mo rí ni pé àwọn kan ń pe bàbúùnù náà ní ìnàkí, bẹ́ẹ̀ ọ̀bọ onírù ni. Kí á pe ìyẹn ní bàbúùnù, kí ìnàkí jẹ́ ti ìdílé yìí lápapọ̀, kí á sì yá orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Òrángútánì, lédè Malay, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ènìyàn inú igbó. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí "ará igbó", èébú ni Yorùbá máa gbọ́.

Ẹni tó dábàá "ẹdun ńlá" lánàá ńkọ́? Orí igi ni ilé ẹdun. Ọjọ́ tó bá sọ̀kalẹ̀ la ní ó di ẹdun arinlẹ̀. Ṣinpansí ń rinlẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì tíì jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni.