Ẹ wá sọ tiyín: ọjọ́ tí ẹ wo tẹ́níìsì ẹni méjì-méjì lójúkojú

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ́ọ̀nù

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Wimbledon ni, ìdíje tẹ́níìsì ńlá ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù níbí, ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn ìdíje ọdún 2012. Mo ti tò láti ìdájí, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wọ ọgbà lásán ni mo rí rà. Orí òkè koríko la jókòó sí, tá a ń wo Serena Williams nínú amóhùnmáwòrán ńlá bó ṣe na Radwanska. A hó yèè! Kò pẹ́ ni àwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní pápá àárín. Wọ́n ti rí ohun tí wọ́n bá wá, ó di ilé. Bí wọ́n bá ti ń jáde, wọ́n á ju tíkẹ́ẹ̀tì wọn sínú àpótí kan, àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà á sì tún un tà fún irú àwa ní owó pọ́ọ́kú, owó ọ̀hún á lọ sọ́dọ̀ àwọn aláàánú. Mo sáré lọ tò. Bí mo ṣe bá ara mi nítòsí pápá nìyẹn, níbi tí n kò lálàá rẹ̀ rí.

Kí ni wọ́n ń gbá lọ́wọ́? Dọ́bù ọkùnrin, ìyẹn ẹni méjì sí méjì, àṣekágbá. Kí n má purọ́, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí wọ́n ṣe kíá, torí Serena àti Venus ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kàn. Jonathan Marray, ará Sheffield, àti Frederik Nielsen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló wà lápá kan. Ipò wọn kò tó kí wọ́n wọ ìdíje, àwọn tó ni ìdíje ló ṣàánú wọn tí wọ́n fún wọn láyè. Wọ́n sì ti na Bob àti Mike Bryan, àwọn ìbejì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó débẹ̀. (Ìyá ìbejì ni mí, ìyẹn dùn mí díẹ̀.)

Ohun tó mú ojú mi kò ju bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ. Kí wọ́n tó gbá sáàfù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á pàdé, wọ́n á fi bọ́ọ̀lù bo ẹnu, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú, wọ́n á túká. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe tó burú jáì, èkejì á na ọwọ́ sí i, wọ́n á gbá a. Wọn kì í bojú jẹ́ síra wọn! Mo rántí ọkọ mi nílé: bí mo bá da epo sílẹ̀ lónìí, yóò sọ ọ́ títí oṣù tó ń bọ̀.

Wọ́n gbá a dé sẹ́ẹ̀tì karùn-ún. Marray di ọmọ Bìrìtìkó àkọ́kọ́ tó gba dọ́bù ọkùnrin níbẹ̀ láti 1936, bàbá arúgbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ń nu ojú. Àwọn tí wọ́n nà, Lindstedt àti Tecău, ẹ bá mi ṣàánú wọn: ìgbà kẹta léraléra nìyẹn tí wọ́n pàdánù níbi àṣekágbá kan náà. Lẹ́yìn náà ni Serena tó ti gba ife lọ́sàn-án tún jáde pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sì gba tiwọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Bọ́ọ̀lù-bọ́ì Oníkàn

Ẹ kú ìtàn, mọ́mì. Tèmi kò ga tó yẹn. Mo ṣa bọ́ọ̀lù ní Lagos Lawn Tennis Club nígbà tí àwọn àjèjì máa ń wá gba ife Góńmìnà.

Ẹ̀yin tó jókòó, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ̀ ń wò. Àwa tó dúró lẹ́yìn pápá, ẹ̀yìn ẹni tó wà nítòsí àwọ̀n là ń wò, torí ibẹ̀ ló ń gbé ọwọ́ sí láti fi àmì han ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn méjì kan wà tí wọn ò gbọ́ èdè ara wọn dáadáa. Ìka nìkan ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Bó bá di ẹ̀ṣẹ́, ó máa dúró sí àyè rẹ̀. Bó bá la àtẹ́lẹwọ́, ó máa sáré kọjá sí òdìkejì lọ já bọ́ọ̀lù gbà. Kò pẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n kà, mo ti ń mọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa já sí kí wọ́n tó gbá a.

Àfi lọ́jọ́ tí ẹni tó ń gbá sáàfù gbá a mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ ní ìpàkọ́! Pàá! Òfin sọ pé sáàfù tó bajẹ́ ni. Gbogbo pápá dákẹ́. Ẹni tí bọ́ọ̀lù bà kò wẹ̀yìn. Ó kàn gbé ọwọ́ sẹ́yìn, ó tún fi ẹ̀ṣẹ́ hàn án.

Àbúrò Brooklyn

Ẹ̀rín pa mí! New York ni tèmi, ìdíje US Open 2025. Wọ́n gbé dọ́bù tọkùnrin-tobìnrin sí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdíje gan-an: ikọ̀ 16 péré, mílíọ̀nù kan dọ́là fún ẹni tó bá gbégbá orókè, géèmù 4 sì ni sẹ́ẹ̀tì títí kó tó kan àṣekágbá. Àwọn gbajúmọ̀ tó ń dá gbá ni wọ́n kó wọlé, púpọ̀ nínú àwọn tó ń fi dọ́bù jẹun wà níta. Inú bí mi, mo sì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Sara Errani àti Andrea Vavassori, ará Ítálì tó gbà á ní 2024, ló tún na Swiatek àti Ruud ní àṣekágbá. Sáàfù Errani kò le rárá. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kó dúró sí, ibẹ̀ ló máa ń wà. Mo pariwo títí ohùn mi fi há ní pápá Arthur Ashe.

Bàbá Àgbà, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọmọ, Arthur Ashe tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá yẹn náà gbá tẹ́níìsì l'Ékòó ní February 1976. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa Murtala ni. Òun àti Borowiak wà lórí pápá tí ṣọ́jà fi ya wọlé pé ìlú ń ṣọ̀fọ̀, ẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n fi ìbọn lé wọn jáde. Kì í ṣe dọ́bù o, ẹ má bínú.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ́ọ̀nù

Háà! Ẹ ṣeun, Bàbá. Bọ́ọ̀lù-bọ́ì, ìbéèrè kan: ṣé o tú àṣírí ìka yẹn fún ẹnikẹ́ni rí?

Bọ́ọ̀lù-bọ́ì Oníkàn

Ẹnìkan péré, mọ́mì, kì í sì í ṣe agbábọ́ọ̀lù. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi kóòkì ta tẹ́tẹ́ lẹ́yìn fẹ́ńsì. Ó jẹ ìgò mẹ́ta. Kò fún mi ní ọ̀kan.