Ṣé ọmọ tó ń gbowó oṣù nílé ẹṣin lè gun point-to-point?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa eré ẹṣin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi tó wà lọ́dọ̀ wa ní Gloucestershire fẹ́ gun point-to-point, eré ẹṣin tó ń fo ọgbà, tí àwọn tí kì í gbowó ń gùn. Bàbá rẹ̀ n'Ílọrin rò pé bíi ti Durbar ni. Kò mọ̀ pé máìlì 3 ni wọ́n sábà máa ń sá!

Ọmọ náà ti lé lọ́dún 16 tó yẹ kéèyàn pé kó tó lè gùn ún, ìyẹn ti parí. A mọ̀ pé ó máa gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọdẹ (àwọn tó ń gẹṣin ṣọdẹ, tí wọ́n ń ṣètò eré yìí), dókítà á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Thoroughbred, ìyẹn irú ẹṣin tí wọ́n ń sìn fún eré sísá, ni ẹṣin tó fẹ́ gùn, Weatherbys, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn ẹṣin eré, sì ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tó rú mi lójú rèé: ó ń tọ́jú ẹṣin lọ́dọ̀ olùkọ́ ẹṣin kan tó ní láísẹ́ǹsì, wọ́n sì ń sanwó fún un. Owó ìtọ́jú ni o, kì í ṣe owó gígùn. Ṣé wọ́n ṣì máa kà á sí ẹni tí kì í gbowó? Ọ̀dọ̀ olùkọ́ yẹn náà ni ẹṣin tó fẹ́ gùn wà. Ìgbà wo ni ẹṣin náà gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ kó tó lè sáré? Oṣù November ni sáà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.