Ìdàkọ dísìkì àti ìṣílọ ẹ̀rọ: èwo ni a ń ṣe gan-an?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín láti Ilé-Ifẹ̀. Àbúrò wa kan ní Iléṣà dábàá pé kí a máa pe gbígbé dísìkì virtual machine, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí sọfitiwia dá sínú kọ̀ǹpútà gidi, láti orí VMware bọ́ sórí VirtualBox, Hyper-V tàbí KVM, tí gbogbo wọn jẹ́ irú sọfitiwia bẹ́ẹ̀, ní “ìṣílọ dísìkì ẹ̀rọ àfinúrò”. Mo mọyì ìsapá rẹ̀, nítorí pé a nílò ọ̀rọ̀ náà lásìkò yìí: láti ìgbà tí iléeṣẹ́ Broadcom ti ra iléeṣẹ́ VMware ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, tí wọ́n sì dáwọ́ títa ìwé àṣẹ àràlò-títí-láé dúró ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ti ń wá ibòmíràn tí wọn yóò kó ẹ̀rọ wọn lọ. Síbẹ̀, n kò lè fara mọ́ “àfinúrò”, n kò sì lè fara mọ́ “ìṣílọ” níbi tí ó lò ó sí.

Ohun tí a finú rò kò tíì sí. Ẹ̀rọ tí à ń sọ yìí wà: ó ń gba àyè nínú mẹ́mọ́rì, ó ní Windows tàbí Linux tirẹ̀, bí ó bá sì dákú, iṣẹ́ gbogbo àwọn tó gbára lé e dúró. Ohun tí kò ní ni ara tirẹ̀, nítorí sọfitiwia kan ló ń bù ún ní ìwọ̀n mẹ́mọ́rì àti dísìkì tí yóò lò lára kọ̀ǹpútà gidi. Sọfitiwia yẹn, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hypervisor, ni mo fẹ́ kí a pè ní “alágbàtọ́”, kí ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ “ẹ̀rọ àgbàtọ́”. Bí ọmọ tí a gbà tọ́ bá bọ́ sọ́wọ́ alágbàtọ́ mìíràn, orúkọ àti ìwà rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ó ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ilé tuntun náà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí rí.

Ní ti “ìṣílọ”, ẹni tó bá ṣí kúrò nínú yàrá, yàrá náà ṣófo. Dísìkì ẹ̀rọ àgbàtọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé fáìlì ni. Irú fáìlì tí à ń pè ní VMDK ni ti VMware, VDI ni ti VirtualBox, VHD tàbí VHDX ni ti Hyper-V, qcow2 sì ni QEMU fẹ́ràn, ìyẹn sọfitiwia tí KVM àti alágbàtọ́ mìíràn tó ń jẹ́ Proxmox ń bá ṣiṣẹ́. Àṣẹ qemu-img convert a máa ka VMDK láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì máa kọ ohun inú rẹ̀ sínú fáìlì qcow2 tuntun, láìfọwọ́ kan ti àkọ́kọ́ rárá. Bí ọmọṣẹ́ kan ní Lágéré bá gbọ́ “ṣí i lọ”, ó lè pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́ kí ẹ̀rọ tó fi tuntun jí (boot) dáadáa. Bí iná bá sì ti lọ láàárín iṣẹ́, fáìlì tuntun yóò jẹ́ ààbọ̀, kò sì ní sí èyí tí a óò padà sí. Nítorí náà ni mo ṣe yan “ìdàkọ”.

Ẹnìkan nínú yín lè sọ pé àdàkọ gbọ́dọ̀ jọ ohun tí a dà á kọ. Ó jọ ọ́ ní inú. Dísìkì 100 GB tí a kò tíì lò ju 20 GB lọ nínú rẹ̀ lè jẹ́ fáìlì kékeré níhìn-ín, kó jẹ́ fáìlì ńlá lọ́hùn-ún, síbẹ̀ 100 GB kan náà ni ẹ̀rọ àgbàtọ́ ń rí. Ìrísí fáìlì nìkan ló yí padà, ìrísí náà sì ní ààlà tirẹ̀: VHD kò lè kọjá 2,040 GB, nígbà tí VHDX lè dé 64 TB. Ìdí nìyí tí “ìparadà”, tí ẹlòmíràn mú wá, kò fi tẹ́ mi lọ́rùn.

Mo gbà pé ìdàkọ nìkan kò parí iṣẹ́. Windows tí a dà kọ bọ́ sórí KVM lè kọ̀ láti jí, kó gbé àṣìṣe 0x7B jáde, nítorí pé kò ní sọfitiwia kékeré tí yóò bá dísìkì virtio, irú dísìkì tí KVM máa ń fún ẹ̀rọ àgbàtọ́, sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń pe sọfitiwia yẹn ní “awakọ̀” (driver), èyí tó dùn mí púpọ̀, torí kò wa ohunkóhun. “Atọ́kùn” ló yẹ ẹ́, ẹni tó mọ èdè ẹ̀rọ, tó sì ń gbẹnu sọ fún un. Ẹ̀rọ tó ń fi UEFI jí kò ní jí lábẹ́ BIOS pẹ̀lú, nítorí ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń jí ni wọ́n. Gbogbo iṣẹ́ yìí lápapọ̀, títí dé ìgbà tí a óò pa ẹ̀rọ àtijọ́, ni mo lè gbà kí a pè ní “ìṣílọ ẹ̀rọ àgbàtọ́”, kí “ìdàkọ dísìkì” jẹ́ apá kan nínú rẹ̀.

Ó ku snapshot, àmì tí a fi sílẹ̀ kí a lè dá ẹ̀rọ padà sí bí ó ṣe rí nígbà náà, tí wọ́n ń pè ní “àwòrán”. Kì í ṣe àwòrán: VMware a máa kó ìyípadà tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sínú fáìlì ọ̀tọ̀, bí a kò bá sì kọ́kọ́ pa wọ́n pọ̀, tí a wá da fáìlì ìpìlẹ̀ nìkan kọ, ẹ̀rọ bí ó ṣe rí kí a tó ṣe snapshot ni yóò jí. “Ojú ìpadàsí” ni èmi mú wá. Kí ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ jọ̀wọ́ gbé e kalẹ̀ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.